Kí Ló Dé Tí Òṣìṣẹ́ Fi Ń Wo Fídíò Mọ́tò Lẹ́yìn Iṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹ̀ka àtúnṣe ọkọ̀ sọ níbi ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka wa



Akọ̀wé ló ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ń kọ òun lóminú. Ó ní nígbàkígbà tí òun bá wọ yàrá ìsinmi wa ní àkókò oúnjẹ, ṣe ni gbogbo orí máa ń tẹ̀ ba sórí fóònù, tí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ á wà lórí tábìlì láìsí ẹni tó ṣí i. Ó rò pé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wò. Ó wá yọjú wo ti ẹnì kan, ó bá òyìnbó kan tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò, tó ń fi sípánà tú bóòtù. Ó yọjú wo ti ẹnì kejì, irin ìdí ọkọ̀ akẹ́rù tó kán ni wọ́n ń jó pọ̀. Ó bi mí pé, "Baba, ṣé àwọn èèyàn yìí kò tíì rí bóòtù tó tó lójúmọ́ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà tẹ̀ lé mi délé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé kì í lọ jókòó sí ẹ̀bá oko ẹlòmíràn kó máa wòran ebè. Kí ló wá dé tí ẹni tó fi wákàtí mẹ́jọ di bóòtù tún ń fi owó dátà rẹ̀ wo ẹlòmíràn tó ń di bóòtù? Èmi náà wà lára wọn, nítorí náà ẹjọ́ ara mi ni mo wá rò.

Ibi tí wọ́n ti ń wo ọ̀pọ̀ jù lọ nínú fídíò wọ̀nyí ni YouTube, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005, tí Google sì rà ní 2006. Ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lè ṣí ìkànnì tirẹ̀ síbẹ̀, bí ẹni tó ní ilé tẹlifíṣàn tirẹ̀. Bí ìpolówó ọjà bá wọ inú fídíò rẹ̀, tí ìkànnì náà sì ti dé ìwọ̀n tí wọ́n ń béèrè, náírà 55 nínú 100 tó bá wọlé lórí fídíò gígùn ni wọ́n ń fún un. Ẹ fi ọ̀rọ̀ owó yìí sọ́kàn, mo máa padà sí i.

Kí n kọ́kọ́ mú àwọn tó jẹ́ eré kúrò lọ́nà. Àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn carwow láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Mat Watson ti ń to ọkọ̀ asáré sí pápá ọkọ̀ òfuurufú kó lè mọ èyí tó máa yára jù. Wọ́n fẹ́ràn Doug DeMuro ará Amẹ́ríkà, tó máa ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, gbogbo àpótí, tó ń tẹ gbogbo bọ́tìnnì inú ọkọ̀, tá á sì fún ọkọ̀ náà ní máàkì lẹ́yìn rẹ̀ bí olùkọ́. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹni tí kò ní ra Ferrari láéláé lè fi ojú wà á, ojú kì í san owó ibodè. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi àwọn èèyàn wa ní yàrá ìsinmi léèrè ohun tí wọ́n ń wò lójoojúmọ́, kì í ṣe ọkọ̀ asáré ni ọ̀pọ̀ wọn dárúkọ. Àtúnṣe ni.

Èyí tí èmi fúnra mi fẹ́ràn jù ni ti ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Eric O., tó ní ṣọ́ọ̀bù kan tí ń jẹ́ South Main Auto Repair ní Avoca, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ New York. Kò sí ìlù, kò sí ijó. Ọkọ̀ àwọn ará àdúgbò ló ń wọlé: iná ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n, àwọn ẹlòmíràn sì ti pààrọ̀ oríṣiríṣi nǹkan sára ọkọ̀ náà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kì í tètè fọwọ́ kan sípánà. Á gbé àwòrán wáyà ọkọ̀ náà jáde, á fi mítà wọn iná láti ìdí bátìrì títí dé ibi tí iná ti dáwọ́ dúró. Nígbà mìíràn, ọ̀pọ̀ nínú fídíò náà á lọ sórí wíwá wáyà kan tó já, tí àtúnṣe rẹ̀ kò sì ní gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò ju èyí lọ: má pààrọ̀ ohun tí o kò tíì yẹ̀ wò.

Ẹ̀yin tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá láyé àtijọ́ á mọ ìdí tí ìyẹn fi jọ mí lójú. Ní 1981 tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, mo fọ ẹ́ńjìnnì, mo gbé jáàkì, mo lọ ra oúnjẹ fún ọdún kan gbáko kí n tó mọ ohun tó wà nínú kàbúrétọ̀. Bí iṣẹ́ bá dé ibi tó lójú, ọ̀gá á rán mi lọ ra sìgá. Kí n tó dé, mọ́tò ti jí. Kì í ṣe pé ó burú. Oúnjẹ rẹ̀ ló ń ṣọ́. Àwa tó jáde lábẹ́ rẹ̀ tí a gba fírídọ̀ọ̀mù, ohun tí a jí wò ló pọ̀ ju ohun tí a fi lé wa lọ́wọ́ lọ.

Ilé ẹ̀rọ ńkọ́? Níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń rán ọ lọ ra sìgá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń sọ ìdí fún ọ pẹ̀lú. Ẹni tó ń dé ìgò kò mọ ohun tí wọ́n pò sínú ìgò. Ìdérí kan náà, ìró kan náà, láti àárọ̀ di ọ̀sán, kí ẹlòmíràn tó wá gbà á ní síọ́ọ̀fù. Iṣẹ́ náà kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní òpin lójú ẹni tó ń ṣe é. Nínú fídíò Eric, ọkọ̀ á wọlé ní òkú, á jáde láàyè, ojú wa ni gbogbo rẹ̀ á sì ṣe. A rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, a rí ibi tó parí sí, a gbọ́ ìdí ohun kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀gá kankan tó dúró tì í lẹ́yìn pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Akọ̀wé, mo rò pé ohun tó ń fà wá nìyẹn, ju mọ́tò gan-an lọ.

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ náà kì í fẹ́ sọ ìdí. Láti 1975 tí wọ́n ti ń to Peugeot ní Kàdúná, tí wọ́n sì ń to Volkswagen ní Èkó, etí àti imú tó fún mẹkáníìkì láti fi mọ ohun tó ń ṣe 504 àti ọkọ̀ ìjàpá. Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí kọ̀ǹpútà wọ inú ẹ́ńjìnnì. Bẹ̀rẹ̀ láti ọkọ̀ ọdún 1996, ìjọba Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan pé kí àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ní ihò kan náà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tí a ń ki ẹ̀rọ ìyẹ̀wò bọ̀, kí nọ́ńbà tí ẹ̀rọ náà ń fi hàn fún àwọn àléébù tó wọ́pọ̀ sì bára mu. Nítorí pé ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa ló ń ti Amẹ́ríkà wá, ihò yẹn wà nínú ọkọ̀ tí a ń wà nílé. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àṣírí ṣì kù lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́. Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ará ìlú dìbò, ní 2012 àti ní 2020, pé kí mẹkáníìkì àdúgbò ní ẹ̀tọ́ sí ìmọ̀ tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ń fún àwọn mẹkáníìkì tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n borí nínú ìbò náà. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá mi fi sìgá bò mọ́lẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ ìbò lókè òkun.

Nọ́ńbà yẹn gan-an ni wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ àwa tí a kò mọ̀. Arábìnrin wa kan ní ẹ̀ka ìdìpọ̀ ọjà ní Micra kan tí ọkọ rẹ̀ fi ń ṣe takisí. Iná tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ ìyẹ̀wò mú P0171 jáde, mẹkáníìkì ní sẹ́nsọ̀ ti kú, kí wọ́n lọ mú owó wá. Arábìnrin yìí ti wo fídíò tó. Ó mọ̀ pé nọ́ńbà kì í dárúkọ ohun tó bàjẹ́. Ohun tí P0171 ń sọ ni pé epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì kéré sí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà afẹ́fẹ́ kan ti là, ó lè jẹ́ pé sẹ́nsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ti dọ̀tí, ó sì lè jẹ́ pé pọ́ǹpù epo ló ti rẹ̀. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mẹkáníìkì pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo àwọn họ́ọ̀sì ná." Họ́ọ̀sì kan ti là lábẹ́, tí wọ́n ti fi ọ̀já rọ́bà dì nígbà kan rí. Mẹkáníìkì náà kò bínú o. Òun fúnra rẹ̀ béèrè orúkọ ìkànnì náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ lè kọ́ lára ọkùnrin Avoca yẹn. Iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì ní New York nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ náà sì ń jẹ irin ìdí ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ máa rí i tó ń fi iná tú bóòtù tó ti dípẹtà, tàbí tó ń pààrọ̀ páìpù bíréèkì tó ti jẹrà. Ìdí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ọ̀dà dúdú kùn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kí ẹ tó san owó, ẹ wo abẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ìjókòó aláwọ nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan owó oṣù. Ẹ̀yin tó wà ní ìpàdé tó kọjá mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n n ó tún un sọ nítorí àwọn tó wà ní síọ́ọ̀fù lọ́jọ́ náà. Awakọ̀ wa kan ń wa ọkọ̀ ọ̀gá kan níbi iṣẹ́. Bí wọ́n bá ti fa ọ̀pá gééjì yọ, ọ́ìlì á ti lọ sílẹ̀. Kò jò sílẹ̀, ilẹ̀ ibi tí ọkọ̀ ń sùn gbẹ. Ẹni tó ń bójú tó ọkọ̀ wá sọ pé kò sí ohun méjì, awakọ̀ ń fa ọ́ìlì tà. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀sùn fún un, wọ́n sì yọ owó ọ́ìlì nínú owó oṣù rẹ̀. Ẹni tó mọ ọkùnrin náà mọ̀ pé bí ó bá rí náírà nílẹ̀, á béèrè ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n ìwà rere kì í ṣe ẹ̀rí lójú iléeṣẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wa ló sọ pé òun ti wo fídíò kan tó fi yé òun pé ẹ́ńjìnnì lè mu ọ́ìlì láìjò. Mo ní kó fi hàn mí. Ẹ́ńjìnnì Toyota kan ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, èyí tó jẹ́ lítà 2.4 onísílíńdà mẹ́rin, tó wà nínú Camry 2007 sí 2009, èyí tí a ń pè ní Muscle, àti nínú àwọn RAV4 kan láti 2006 sí 2008. Ríìngì kan wà lára písítìnì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa nu ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà, kí ọ́ìlì náà sì gba àwọn ihò kéékèèké padà sísàlẹ̀. Ihò tí wọ́n ṣe sínú písítìnì ẹ́ńjìnnì yìí kéré. Bí èérí bá dí wọn, ọ́ìlì á dúró lókè, iná á jó o, á sì gba sàlẹ́ńsà jáde. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ kò ní rí èéfín kankan. Toyota ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ní ìlànà àyẹ̀wò fún un: wọ́n á kún ọ́ìlì dé àmì, wọ́n á sàmì sí gbogbo ibi tí èèyàn lè gbà fọwọ́ kàn án, ẹni tó ni ọkọ̀ á wà á fún máìlì 1,200, tó lé díẹ̀ ní kìlómítà 1,900, wọn á sì wọ̀n ọ́n. Bí ohun tó dín bá ju nǹkan bí lítà 1 lọ, ọkọ̀ ti kùnà, ilé-iṣẹ́ náà sì pààrọ̀ písítìnì àti ríìngì lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọ̀pọ̀ àwọn tí tiwọn kùnà láàárín àkókò tó dá. Kì í ṣe fídíò kan ṣoṣo ló sọ èyí. Bí ẹ bá wá àwọn ìkànnì bíi The Car Care Nut, tí Ahmed, mẹkáníìkì Toyota kan ní Amẹ́ríkà, ń ṣe, ẹ máa rí i pé kì í fi àléébù àwọn ọkọ̀ tó fẹ́ràn pamọ́.

Ọkọ̀ tí awakọ̀ wa ń wà kì í ṣe Toyota, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n àyẹ̀wò náà kò ní orúkọ ilé-iṣẹ́ lára. Akọ̀wé kọ lẹ́tà pé kí a ṣe é. A kún ọ́ìlì níṣojú àwọn méjèèjì, a fi ọ̀dà pupa sàmì sí ìdérí ọ́ìlì, sí ọ̀pá gééjì, àti sí bóòtù ìsàlẹ̀ tí a fi ń da ọ́ìlì nù, wọ́n fọwọ́ sí ìwé, àwa náà fọwọ́ sí i. Nígbà tí kìlómítà pé, ọ̀dà pupa kò là, ọ́ìlì sì ti dín ní lítà kan àti ààbọ̀. Kò sí ẹni tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n fagi lé ìwé ẹ̀sùn. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe lọ máa sọ níta pé fídíò ló dá wa láre. Àyẹ̀wò àti ìwé tí a fọwọ́ sí ló dá wa láre. Fídíò kàn jẹ́ ká mọ ohun tó yẹ ká béèrè ni.

Mo ní mo máa padà sí ọ̀rọ̀ owó. Ẹ wo àwọn fídíò láti Pakistan tí àwọn awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù wa fẹ́ràn. Irin ìdí ọkọ̀ á kán sí méjì, wọn á jó o pọ̀, wọn á fi ẹ̀rọ fá a, wọn á tún gbé e sábẹ́ ọkọ̀. Taya tó ti pá, wọn á lẹ rọ́bà tuntun mọ́ ọn lára. Ọgbọ́n ọwọ́ wọn kọjá sísọ, ẹni tó bá wò ó á rántí àwọn alágbẹ̀dẹ wa. Ṣùgbọ́n ẹ tún ojú wò. Sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ ẹni tó ń gbé irin tó pọ́n. Ẹni tó ń jó irin kò fi gíláàsì bojú. Nígbà mìíràn ọmọdé ló ń gbé irinṣẹ́ fún wọn. Ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló ń wò ó, ìpolówó ń wọlé láàárín. Mélòó nínú owó yẹn ló ń dé ọwọ́ ẹni tó ń lu irin? Ẹni tó mú kámẹ́rà ni ìkànnì mọ̀. Bí àwọn ilé iṣẹ́ tiwa náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya fídíò wa níbi iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe gbọ́ pé àwọn kan ti ń ṣe, kí ẹ̀ka wa béèrè èyí kí a tó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà.

Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé tí ó bá ti kù díẹ̀ kí fídíò parí, wọ́n á gbé ìgò ọ́ìlì tàbí oògùn ẹ́ńjìnnì kan sókè pé òun ni àwọn ń lò. Ẹ béèrè ẹni tó sanwó rẹ̀. Ìkànnì kan wà tí ń jẹ́ Project Farm, tí ẹni tó ni ín ń fi owó ara rẹ̀ ra ọjà tó ń dán wò, láti orí sípánà títí dé ọ́ìlì, mo sì gba ìyẹn gbọ́ ju ti àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó dán wò, láti orí pẹpẹ ìsọ̀ Amẹ́ríkà ló ti mú un. Kò sí fídíò òyìnbó tó lè sọ fún yín bóyá ohun tó wà nínú gálọ́ọ̀nù tí ẹ rà ní ẹ̀gbẹ́ títì jẹ́ ọ́ìlì gidi tàbí ayédèrú.

Bẹ́ẹ̀ ni ojú kò lè kọ́ ọwọ́ tán. Ẹ lè wo ChrisFix, ọkùnrin Amẹ́ríkà tí kì í jẹ́ kí a rí ojú rẹ̀, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ó ń ṣàlàyé dáadáa, irinṣẹ́ tí ẹni gbogbo lè rí ló sì ń lò. Síbẹ̀, fídíò kò lè sọ fún ọwọ́ rẹ bí bóòtù ṣe máa ń rọ̀ díẹ̀ kó tó já. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lára rẹ̀ ni pé kì í wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Á fi ìdúró irin sí i ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. A mọ àwọn tí jáàkì yẹ̀ lé lórí ní ìlú yìí, a sì mọ àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀. Ìdúró irin mẹ́rin ni mo béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ láti ọdún tó kọjá, a kò tíì rà á.

Nítorí náà, akọ̀wé, má ṣe gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí a jọ máa wò ó. Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn síọ́ọ̀fù àárọ̀, kí ẹ̀ka ra dátà ẹyọ kan dípò kí ogún èèyàn máa ra ogún, kí a gbé fídíò kan sórí tẹlifíṣàn yàrá ìsinmi, kí ẹni tó gbọ́ èdè àwọn òyìnbó yẹn dáadáa máa túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́, nítorí wọ́n máa ń yára sọ̀rọ̀. Kí ẹ jẹ́ kí awakọ̀ àti ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe jókòó pọ̀. Kí akápò sì wò ó bóyá owó wa tó ra ẹ̀rọ ìyẹ̀wò kan tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè yá lò.

Nípa awakọ̀ wa, wọ́n ti fagi lé ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ti yọ kò tíì padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ó wà lára ohun tí alága máa gbé lọ bá iléeṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn méjì ti wa ọkọ̀ kan náà ṣáájú rẹ̀, wọ́n sì yọ owó ọ́ìlì lọ́wọ́ àwọn náà. Ọ̀kan jókòó sí ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, mo ń rí i. Kí ẹ mú ìwé owó oṣù yín ti ìgbà náà wá fún akọ̀wé kí ọjọ́ Ajé tó dé.